Kámẹ́rà Ni Ìyáálé Mi

Àpò kámẹ́rà ló gbé ọkùnrin onífọ́tò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Okùn tó fi ń gbé e kọ́rùn ti fẹ́ já, ó sì ní kí n bá òun rán an.

"Ẹ rọra o, Àǹtí aránṣọ," ló wí, bó ṣe ń kó àwọn lẹ́ǹsì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. "Ìyàwó mi ló wà nínú ẹ̀."

"Ìyàwó yín mà ga o," mo dá a lóhùn, torí lẹ́ǹsì kan gùn bí apá mi. "Ṣé kì í bá yín jà?"

"Bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú báyìí, kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn, ọkàn mi ti bá a lọ.

Bí mo ṣe di ìyàwó kejì nìyẹn. Tí mo bá wọ yàrá rẹ̀, kámẹ́rà, ìyáálé mi, ni mo kọ́kọ́ ń kí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu ojú lẹ́ǹsì. Mo mọ̀ pé wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn bá ti ń gbé eruku. Ó kọ́ mi pé tí èèyàn bá rọra tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló máa wá ohun tí yóò mú, tí yóò sì jẹ́ kó mọ́ kedere. Tó bá ti mú un, á dún "pí-pí".

"Ó ti mú ẹ, olólùfẹ́ mi," ni yóò wí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà dé góńgó ẹ̀mí.

Màmá mi ni kò gbà kí n fẹ́ ẹ. Wọ́n mọ̀ pé bàbá rẹ̀ fọ́jú kó tó darúgbó.

"Nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí onífọ́tò ò bá ríran mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ wo iṣẹ́ mi, mà," ló bẹ̀ wọ́n. "Ṣé ẹni tí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì ló máa ya irú èyí?"

Màmá wo àwọn fọ́tò náà títí. Gbogbo irun ìpéǹpéjú ló ṣeé kà. Wọ́n gbà, a sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ náà ti ń sún mọ́lé nígbà tí mo gbé ìyáálé láti fi ya ẹ̀wù ìgbéyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Mo fojú sí ihò tí wọ́n fi ń wòran lára rẹ̀, èéfín lásán ni mo rí. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, tí wọ́n ń yí kó lè bá ojú ẹni tó ń wò ó mu. Ó ti yí dé òpin. Mo rò pé inú àpò ló ti ṣèèṣì yí. Mo yí i padà títí gbogbo nǹkan fi mọ́ kedere, inú mi dùn, mi ò sì sọ fún ẹnì kan. Àṣé iná ni mo ń gbé sórí òrùlé.

Lọ́jọ́ kejì, àfẹ́sọ́nà mi tibi iṣẹ́ dé bá mi ní yàrá rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ó ti parí," ló wí. "Mo gbé kámẹ́rà sójú, mi ò rí nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn bàbá mi ló mú mi, pé kò gbóògùn. Kámẹ́rà ló ń bá mi ríran, èmi kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni."

"O ò ṣe wọ gíláàsì?"

"Tí màmá ẹ bá rí gíláàsì lójú mi, ṣé wọ́n máa fún mi lọ́mọ wọn?"

"Èmi ni mo yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn," mo wí.

Ó fọwọ́ wá kẹ̀kẹ́ náà, ó yí i padà dé òpin, ó fojú sí ihò náà. Ó ríran díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀; tó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Mo ní màá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, màá máa mú un lọ́wọ́ rìn. Kò gbà. Fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún màmá. Màmá ò pariwo, ńṣe ni wọ́n ń sunkún.

"Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Àmọ́ mi ò lè fi í fún ẹ."

"Òótọ́ lẹ sọ, mà."

Àwọn méjèèjì tó fẹ́ràn mi jù láyé jọ pinnu ọ̀rọ̀ mi láìbi mí léèrè. Mo bínú, mo ké, mo bẹ̀. "Má dúró dè mí, àyànfẹ́ mi," ni gbogbo ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ní ìlú tó jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo bá a kó àwọn lẹ́ǹsì sínú àpò. Ó ní kí n dúró sétí fèrèsé.

"Sọ̀rọ̀, kí n mọ ibi tó o wà."

"Mo wà níbí."

Pí-pí.

"Ó ti mú ẹ!" Ó rẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́.

Mo gba kámẹ́rà, mo wo fọ́tò náà. Aṣọ fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi mọ́ débi pé mo lè ka òwú rẹ̀. Ojú tèmi, èéfín ni.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an. O ò tíì ya irú ẹ̀ rí."

Ó yọ káàdì tí àwọn fọ́tò wà nínú rẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́.

"Fi han màmá," ló wí, "kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú yìí ò tíì kú tán."

Mo fi okùn tí mo rán gbé àpò náà kọ́ ọ lọ́rùn. Mo ní màá fi hàn wọ́n.