Bẹ́ǹṣì Inú Oòrùn

Lọ́jọ́ tí kafíńtà kọ́kọ́ fojú kan aránṣọ, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló fi òòlù gbá dípò ìṣó. Àtàǹpàkò náà wú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rín obìnrin náà mọ́lẹ̀ débi pé àwọn àkùkọ àdúgbò tún kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọgbà àti bẹ́ǹṣì ni aránṣọ ní kó wá ṣe sẹ́yìnkùlé òun. Màmá aránṣọ ti ń gbàgbé nǹkan, wọ́n máa ń ṣìnà. Nítorí ìfẹ́, ọmọ ti tì wọ́n mọ́ yàrá fún odindi ọdún kan. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní fítámì D, èyí tí oòrùn ń fún ara, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ó fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n máa yá oòrùn. "Kì í wo ìgbàgbé sàn pátápátá o, àmọ́ ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni kafíńtà fi ṣe é. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ló wọn bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

"Ṣé bẹ́ǹṣì yìí ń dàgbà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, adúmáadán. Bó o bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ó tún ga sí i."

Aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ti búra. "Mi ò ní fi màmá mi sílẹ̀, mi ò sì ní mú ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ wọlé kẹ́rù máa bà wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ẹ mọ̀, tí wọ́n gbà, èmi náà gbà."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láràárọ̀, bí Màmá bá jókòó sínú oòrùn tán, wọ́n á ní, "Ta nìyí?"

Kafíńtà á ṣí fìlà. "Kafíńtà ni mí, Mà. Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́."

"Rárá o. Etí ẹ ti tóbi jù."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tún di ọ̀tun. Etí, imú, bàtà: kò sóhun tí wọn ò fi kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin míì ni, ì bá ti sá wọgbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tún ṣí fìlà. "Kafíńtà ni mí, M..."

"Mo mọ̀!" Màmá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Kafíńtà elétí ńlá. Ìgbà wo lo máa fẹ́ ọmọ yìí gan-an? Àbí bẹ́ǹṣì lo fẹ́ fẹ́?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ gbà, Màmá?"

"Mo gbà. Ẹ tètè ṣe é kí n tó gbàgbé."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó nínú ọgbà. Bí àwọn àlejò ṣe kí wọn tán, Màmá yíjú sí ọkọ ìyàwó. "Ta nìyí?"

Ó ṣí fìlà. "Ọkọ ọmọ yín ni mí, Mà."

Màmá wò ó títí. "Etí ẹ tóbi o," ni wọ́n wí, wọ́n sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Wá jókòó. Oòrùn yìí tó gbogbo wa."