Aṣọ Ọ̀gbọ̀ Ìyá Leokadia

Aṣọ náà kò gbẹ. Ọjọ́ kẹta rèé tí Ludmiła ti sá a sórí okùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta àwo àti aṣọ ní ìlú Bolesławiec, nínú oṣù keje, tí oòrùn ń mú débi pé àwọn aṣọ tábìlì yòókù ti gan bíi páálí. Èyí nìkan ló tutù. Kò kán omi, kò ro, ó kàn tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, òórùn adágún á kọ lù ú nímú, irú adágún tí wọ́n ń rẹ ọ̀gbọ̀ sí kí èèpo rẹ̀ lè rà, kí wọ́n tó yọ òwú lára rẹ̀.

Ludmiła pòṣé. "Aṣọ ará oko. Bí aṣọ ṣe ń gbẹ pàápàá, kò mọ̀ ọ́n."

Bronka, obìnrin tó ń bá a tajà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sún mọ́ okùn náà. Ogún ọdún ni Bronka fi tẹ àmì aró sára àwo ní ilé iṣẹ́ amọ̀ kan, àwọn àmì róbótó tó dà bí ojú iyẹ́ ọ̀kín, títí ojú tirẹ̀ fi di bàìbàì.

"Màdáámù," ó rọra sọ ọ́, "ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un."

"Ta ló bi ọ́?"

Kò sí ẹni tí Ludmiła kì í fojú tín-ín-rín. Àwọn amọ̀kòkò tó ń mọ ohun tó ń tà, "ẹlẹ́rẹ̀" ló ń pè wọ́n. Àwọn ìyá abúlé tó ń ra aṣọ ọ̀gbọ̀ lọ́wọ́ wọn, "àwọn onígèlè." Àwọn oníbàárà tó ń ti Jámánì wá, ó ní wọn ò mọ ife yàtọ̀ sí póò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọlé, ohùn rẹ̀ á dùn bí oyin, á na ọwọ́ sí aṣọ tábìlì, á ní, "Ìyá ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún." Ìyá ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kan òfì rí láyé. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já ní ibùdókọ̀ rélùwéè.

Oṣù kan sẹ́yìn ló wakọ̀ lọ sí Ługowiec, abúlé kan tí ilé ibẹ̀ kò pé ogún. Níbẹ̀ ni Ìyá Leokadia ń dá gbé, ìyá kúkúrú kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gùn kọjá ìdajì. Igi tí wọ́n fi ń fọ́ ọ̀gbọ̀ ló gé e lọ nígbà tó wà lọ́mọge. Ìyá náà ṣí àpótí onígi rẹ̀, ó ń kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ludmiła ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fa imú, ó ń sọ pé eléyìí ti pọ́n, tọ̀hún ti gbó. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àpótí, ìyá náà gbé ọwọ́ lé èyí tó kù.

"Èyí kì í ṣe títà o, ọmọ mi. Òun ni mo máa wọ̀ lọ."

"Lọ síbo?"

"Ibi tí gbogbo wa ń lọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbin ọ̀gbọ̀ rẹ̀. Òun ló fà á tu, tó rẹ ẹ́, tó lù ú, tó ran òwú rẹ̀, tó sì hun ún ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kò ní ojú ìránṣọ kankan. Funfun rẹ̀ kò dà bí ti ọjà. Ó dà bí funfun wàrà tó ti dì.

Ludmiła rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ni yóò wò yín nínú ilẹ̀? Ṣé kòkòrò?"

Ìyá Leokadia kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ilé ìdáná lọ láti bu ọbẹ̀ wá, nítorí àlejò kì í ti ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ebi. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yí báyìí ni Ludmiła yọ aṣọ náà, ó tì í bọ àárín àwọn tó ti rà. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó lá ọbẹ̀ ọkà kíkan náà tán, ó tún béèrè fún búrẹ́dì sí i.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, Ìyá Leokadia kú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Bronka ti gbọ́.

"Wọ́n tú àpótí yẹn títí, wọn ò rí aṣọ náà," ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀. "Aṣọ ibùsùn olódòdó tí wọ́n sáré rà lọ́jà ni wọ́n fi wé e."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé òkú mọ ìyàtọ̀ ni?"

Bronka fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú láyà.

Ní ọjọ́ kẹrin tí aṣọ náà kọ̀ tí kò gbẹ, inú bí Ludmiła. Ó já a lórí okùn, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e ní ìbú sí mẹ́fà, kó lè di aṣọ ìnuwọ́ orí tábìlì. Bí àlùmọ́gàjí ṣe ń wọ inú rẹ̀, ìró tó ń jáde kì í ṣe ti aṣọ. Ó dà bí ẹni tó ń fa èémí gba àárín eyín. Bí ègé tó kẹ́yìn ṣe já, gbogbo rẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbẹ gbẹrẹfu.

"O rí i bí?" ó wí fún Bronka. "Ìyà ló ń wá."

Kò pé ọjọ́ méjì tí Walenty, ọkùnrin tó ni ilé àlejò lẹ́bàá afárá, fi ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ mẹ́fà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà dé. Ó ju àwọn aṣọ náà sórí káńtà bí ẹni ju eku òkú.

"Ẹ gba ẹrù yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹni tó bá ti fi nu ẹnu, oúnjẹ á di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣebí àwàdà ni. Lánàá, obìnrin kan nu ẹnu, ó tutọ́ sínú àwo, ó wá bi mí pé, 'Ta ló kú nínú ilé yìí?' Níwájú gbogbo àlejò mi!"

"Bóyá ọbẹ̀ yín ni kò dáa."

"Ọbẹ̀ mi?" Walenty wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ bá mi kí ìyá ìyá yín tó hun ún." Ó jáde, kò dúró gba nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bronka ti lọ jẹun. Aago ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún àdúrà ọ̀sán. Agogo kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kò dún, síbẹ̀ èèyàn kan wà láàárín àwọn pẹpẹ. Ludmiła kò gbójú sókè. Bàtà ló fi ń mọ ará oko. Bàtà eléyìí kún fún ẹrẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá àgbà kan ni, ó so aṣọ funfun mọ́rí, ó ń fi ìka kan àwọn àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ amọ̀ ṣe ń ṣe. Àwo tó dára, tó jinná nínú ààrò, á dún gooro bí agogo. Àwọn wọ̀nyí kò dún gooro. Kù, kù, kù ni wọ́n ń dáhùn, bí igi tí omi ti rin.

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ẹ ò ní rà."

"Ọ̀gbọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ẹ ń ta ọ̀gbọ̀." Ohùn náà rẹlẹ̀, ó gbẹ.

Mẹ́fà tí Walenty dá padà ló wà nítòsí. Ludmiła tì wọ́n síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ìwé ìròyìn. "Ìyá ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún."

"Ó káre. Ọjọ́ mélòó ló fi rẹ ẹ́ sínú omi?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ó ti di ẹrẹ̀ nìyẹn. Kí ni wọ́n ń pe ìyá ìyá yín?"

Ludmiła la ẹnu láti dárúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Orúkọ mìíràn ló jáde. Ó gbọ́ ọ bí ó ṣe ń ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń fi ahọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Leokadia."

Ìgbà náà ló gbójú sókè. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìka ìdajì tó sinmi lé etí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló jókòó ti obìnrin yìí, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀, kò sì dá ojú rẹ̀ mọ̀, nítorí kò wò ó rí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Màá dá a padà."

"Ọ̀kan ni mo hun."

"Màá rán an. Màá so ó pọ̀."

"Rán an."

Aago ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́, àfi ẹrẹ̀ kékeré méjì nílẹ̀, ní déédéé ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Nígbà tí Bronka dé, ó wo ilẹ̀, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ ti rí i."

"Bá mi rán an, Bronka. Jọ̀ọ́."

"Ọwọ́ tó gé e ni yóò rán an, Màdáámù."

Obìnrin tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ rán bọ́tìnnì rí wá jókòó ti abẹ́rẹ́. Ó rán an lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rán an láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ gún un níka títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń wọ inú òwú lọ láìfi àmì sílẹ̀. Nígbà tó parí, ojú ìránṣọ márùn-ún ló dábùú rẹ̀, wọ́n wú bí àpá egbò.

Aago ọ̀sán lù. Ìyá Leokadia ti wà níwájú káńtà. Kò kí i, kò dúpẹ́. Ó fi ìka wo àwọn ojú ìránṣọ náà, ó sì yínmú.

"Ìránṣọ rèé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá wọ̀n ọ́n, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo hun. Èèyàn kúkúrú ni mí." Ó wọn ọ̀kan, ó wọn èjì, ó wọn ẹ̀ta. Ó wọn ẹ̀rin, aṣọ ṣì kù díẹ̀ lórí káńtà. Aṣọ tí wọ́n gé tí wọ́n sì tún rán, ó yẹ kó dín ni. Èyí lé.

"Ẹ ṣáà mú un, Ìyá," Ludmiła bẹ̀ ẹ́. "Tiyín ni."

"Tèmi? Aṣọ tí àjèjì ti fi nu ọbẹ̀ lẹ́nu?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó rẹ́rìn-ín. Kò sí eyín nínú ẹ̀rín náà, kò sì sí èémí. "Wọ́n ti sin mí, ọmọ mi. N kò wá aṣọ wá. Ẹni tó ni ín ni mo wá wọ̀n."

Ludmiła fẹ́ sá. Ìka ìdajì náà tẹ orí aṣọ mọ́ àtàrí rẹ̀, ó tutù wọ inú egungun. Aṣọ náà tú wálẹ̀ níwájú ojú rẹ̀, ó bo àyà, ó bo orúnkún, etí rẹ̀ sì fẹnu kan ilẹ̀ ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Kò lé, kò dín.

"Ó bá ọ mu," ni ohùn náà wí létí rẹ̀.

Bí Bronka ṣe bá a nìyẹn, tó dúró gbagidi láàárín àwo, tí aṣọ funfun bò ó látorí délẹ̀. Bronka kò pariwo. Ó ká aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀, ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́:

"Màdáámù, ta ló wọ̀n yín?"

Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Ludmiła kò lè sun aṣọ náà níná, kò sì jẹ́ tà á. Àwọn ará ìlú ń sọ pé ìwà rẹ̀ ti yí padà, pé ó ti ń kí àgbà, pé ó ti ń wo èèyàn lójú. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fọwọ́ kàn án. Irọ́ ni, ìbẹ̀rù ló ń kí wọn. Kò sí ìwà kankan tó yí padà nínú obìnrin yẹn, àfi pé ó ti ra bàtà onígìgísẹ̀ gíga, òun tí orúnkún ń dùn, ó sì ń wọ̀ ọ́ láti ilé ìdáná dé yàrá, bí ọmọge tó ń lọ síbi ijó. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ti ilẹ̀kùn, á wọ bàtà náà, á na ọrùn sókè bí ó ti lè nà án tó, á wá gbé aṣọ náà lé orí, láti wò ó bóyá kò ní bá a mu mọ́.

Aṣọ náà kò kúrú rí. Ilẹ̀ ló máa ń dé.