Òfin Tó Dá Adagundu Láre

Yànmọ̀tí ti gbó lóko, àwọn obìnrin sì ti ń dì í ní ìtí ìtí, lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá sí ọjà Ikpam láti fòpin sí pàṣípààrọ̀ ìyàwó ní ilẹ̀ Tiv. Ó jókòó sábẹ́ igi ńlá, ó fi fìlà lé orúnkún. Ògbufọ̀ rẹ̀ ló ń pariwo ọ̀rọ̀ náà.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi arábìnrin rẹ̀ gba ìyàwó mọ́. Owó orí ni kí ẹ máa san. Obìnrin tí kò bá sì fẹ́ ọkọ rẹ̀, kó máa lọ."

"Owó orí?" Ugba arúgbó dá a lóhùn láàárín èrò. "Ti ọkùnrin tí à ń san fún ìjọba ò tíì tán, ẹ tún gbé ti obìnrin dé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adagundu, ọmọ àbúrò Ugba, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà ni, ó ró aṣọ ilà dúdú àti funfun, ilà ojú rẹ̀ ń dán. Mbakor àbúrò rẹ̀ ló fi fún Tyokaa alágbẹ̀dẹ, Tyokaa náà sì fi Ngunan àbúrò tirẹ̀ fún un. Bí ọ̀kan bá kúrò nílé ọkọ, èkejì gbọ́dọ̀ padà sílé baba rẹ̀. Nítorí náà Tyokaa kò na Mbakor rí, Adagundu náà kò sì jẹ́ kí ebi pa Ngunan, nítorí ohun tí ọwọ́ bá ṣe níhìn-ín, wọn yóò gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Adagundu fẹ́ràn Ngunan gan-an. Wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan, Agbidye.

Ìkórè yànmọ̀tí kò tíì parí tí Mbakor fi dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kúrò nílé Tyokaa."

"Ó nà ẹ́ ni?"

"Kò nà mí. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò fẹ́ ẹ ni, láti ọjọ́ tí ẹ ti mú mi lọ. Torí ìyàwó yín ni mo ṣe ń fara dà á. Òyìnbó ti wá ní kí n máa lọ."

Adagundu bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni Tyokaa wá. Wọ́n gbé omi fún un nínú abà, ó mu ún.

"Àna mi, o mọ ohun tí mo bá wá."

"Àna, ṣé o ò sí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ti òyìnbó. Tìẹ ni mo wá gbọ́."

Adagundu wolẹ̀. "Òfin ti yí padà. Mbakor ní òun ò lọ mọ́. Ngunan náà ò ní kúrò níbí."

Tyokaa dìde. Ó yíjú sí ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ń gún iyán. "Ngunan, ó dìgbà." Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Ngunan.

Ugba sọ fún Adagundu pé, "O jàre, ọmọ mi. Kóòtù á dá ẹ láre. Ṣùgbọ́n o ti fi ọkùnrin kan sílé láìní aya, o sì ń bá àbúrò rẹ̀ sùn."

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Ìwọ kọ́. Ìwọ lo sá sábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀nà tó wà láàárín ilé méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí hu koríko. Mbakor fẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan létí odò Katsina Ala, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ngunan ń dáná, ó ń roko, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́ bó bá ń lọ yànmọ̀tí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá Ngunan kú. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ síbi ìsìnkú. Kò sẹ́ni tó bú wọn. Gbogbo ọmọ obìnrin ilé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí òkú ká, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó ni wọ́n gbé fún Ngunan. Àlejò ni wọ́n fi í ṣe nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí Tyokaa tó bẹ̀rẹ̀ nídìí iná, tó ń fi ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ro ọbẹ̀ tó ti jóná.

"Ẹ máa lọ sílé," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mò ń bọ̀."

Kò wá. Nígbà tí Adagundu ránṣẹ́ sí i, ó fèsì pé, "Ẹ sọ fún un pé mi ò bínú sí i. Mbakor ni wọ́n fi gbà mí. Mbakor ò sí níbí mọ́. Kí ni mo tún ń ṣe lọ́hùn-ún?"

Adagundu gbéra, ó di kóòtù. Adájọ́ tí ìjọba fi síbẹ̀ béèrè pé, "Owó orí tí o san dà?"

"N kò san owó. Àbúrò mi ni mo fi gbà á."

"Àbúrò rẹ ọ̀hún dà?"

Adagundu na ọwọ́ sí ọ̀nà odò.

"Ìjọba ò mọ pàṣípààrọ̀ mọ́," adájọ́ wí. "Obìnrin tí a kò sanwó lé lórí, ọmọ ilé baba rẹ̀ ni, ọmọ tó bí sì jẹ́ tiwọn."

"Ẹ jẹ́ kí n san án báyìí."

Tyokaa dìde. "Mi ò gbà. Èèyàn ni mo fún un, èèyàn ló fún mi. Arábìnrin mi kì í ṣe ewúrẹ́."

Mbakor gbọ́, ó wá láti odò tòun ti ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n padà sílé Tyokaa?"

Adagundu wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ títí. "Máa lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ," ó wí. "Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa."

Adagundu kò fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó, wọ́n ń kó ìyàwó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ sì di ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn àgbà ní yẹ̀yẹ́. Agbidye dàgbà sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ irin. Nígbà tó tó ní ìyàwó, ó wá wí fún baba rẹ̀.

"Bàbá, mo ti rí ìyàwó. Àwọn ará ilé wa ti bá mi san owó orí rẹ̀."

Adagundu gbọ́ "ilé wa" yẹn, ilé Tyokaa ló ń wí. Ó fẹ́ sọ pé, "A kú oríire." Ó yí i padà.

"Ẹ kú oríire o," ó wí. "Ẹ bá mi kí wọn nílé."