Rélùwéè Èbúté Kì í Dúró Dẹnì Kan

Ìwọ tí ò ń ka èyí, gbọ́ tèmi kó o má bàa kábàámọ̀: má fẹ́ ẹni tí kì í tètè dé. Inú fu, àyà fu ni yóò máa bá ọ gbé.

Afọnfèrè ni obìnrin kan, ní ibùdó rélùwéè tó ń kó èrò lọ sí èbúté, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gúnlẹ̀ sí. Tó bá ti fọn fèrè, ilẹ̀kùn á pa dé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí alásè ọkọ̀ òkun náà, àpò ọkùnrin náà ló há sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Ṣé bàbá yín ló ni rélùwéè ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá obìnrin náà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ òkun bá fẹ́ ṣí ni ọkùnrin yìí ń pẹ́ dé, gbogbo ìgbà ni obìnrin náà sì ń dá rélùwéè dúró dè é. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì ń bí i nínú. Títí ọ̀gá ibùdó fi kìlọ̀ pé bó bá tún dá a dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, kó máa gbélé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ náà ò jẹ́ kó sinmi. "Ẹni tí kò lè bá rélùwéè, ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ni yóò tètè dé? Sọ fún un kó wá rí mi kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí pé. Èrò kún inú rélùwéè fọ́fọ́. Obìnrin náà ń wo àtẹ̀gùn, ó tún ń wo aago. Tó bá dúró, iṣẹ́ lọ. Tí kò bá dúró, iṣẹ́ ọkùnrin náà lọ, bóyá ìfẹ́ náà sì bá a lọ.

Ó fọn fèrè. Rélùwéè gbéra.

Ìgbà yẹn gan-an ni alásè ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó di ìyá obìnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Ó ti lọ?" ni alásè bi í.

"Ó ti lọ. Níbo lo wà?"

"Ẹnu ọ̀nà yín ni, olólùfẹ́ mi, láti àárọ̀. Màmá ní kí n dúró."

Ìyá ní, "Mo fẹ́ kó mọ bí ìdúró ṣe ń rí lára ni. Mo ní tó bá ń kánjú, kó máa lọ. Kò lọ."

"Ọkọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀ lánàá. Ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá èbúté ti gbà mí. Mo fẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ gbọ́."

Orí obìnrin náà gbóná. Gbogbo wíwò tó ń wo àtẹ̀gùn, lásán.

Ìyá bi í pé, "Ṣé o fẹ́ ẹ, àbí o ò fẹ́ ẹ?"

Ó nu fèrè mọ́ aṣọ. "Ẹ máa lọ sílé. Òun ni yóò se oúnjẹ alẹ́. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́."

"Ṣé o ti gbà nìyẹn?" ni alásè wí.

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."

Rélùwéè mìíràn ti ń wọlé. Ó fi fèrè sẹ́nu.