Àpótí Tó Ń Já Iná Nílé Ẹ̀rọ Ọ̀ṣẹ́nì

Láàárọ̀ ọjọ́ ààwẹ̀ kan lọ́dún 1983, àwọn obìnrin ti tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ìlọta Ọ̀ṣẹ́nì ní Niger Street, Sabon Gari. Jéró, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọn yóò fi ṣe kókó mímu fún ìṣínu, ni wọ́n gbé wá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹ̀rọ Ọ̀ṣẹ́nì kì í dákẹ́ nínú ààwẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Láàárọ̀ yẹn, ó dákẹ́. Wọ́n tún un tàn. Ó lọ̀ díẹ̀, ó tún dákẹ́.

Ìyá Albert, tó ń tajà lódìkejì títì, pariwo pé, "Bàbá Hajarat, ṣé ẹ̀rọ yín náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣẹ́nì kò rẹ́rìn-ín.

Hajarat, ọmọ rẹ̀, ń múra ibi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Bompai ló ti ń tún mọ́tò iná ṣe. Òun ló fi àpótí kékeré tó ń já iná sára ògiri ilé ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. Ó ní kí bàbá rẹ̀ tan ẹ̀rọ. Ó mú míta ìwọn-iná tó lẹ́nu bí ẹ̀mú, ó fi há wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọnú mọ́tò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Baba, wáyà méjì ń fa iná jù. Ẹ̀kẹta ò fà tó. Ojú ibi tí wọ́n ti so ó ti dẹ̀."

"O ò tú mọ́tò. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kò dìgbà tí mo bá tú u. Iná tó ń fà ló ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí àpótí yẹn náà ń wò nìyẹn. Bí iná bá pọ̀ jù, á já a, kí wáyà inú mọ́tò má baà jóná. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Tí mo bá dé, màá tún un so."

"Nínú ààwẹ̀?"

"Haba, Baba! Ẹ má fọwọ́ kan àpótí yẹn o."

Ó lọ. Ọ̀ṣẹ́nì wo èrò tó tò. Ó mú wáyà nínípọn, ó fi gbé iná kọjá àpótí náà. Ẹ̀rọ kò dákẹ́ mọ́. Ó wo Ìyá Albert, ó gbé àgbọ̀n sókè.

Lọ́sàn-án, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Òórùn jíjó gba ilé. Iná sọ, ó mú àpò tó wà nítòsí. Bushrat, ìyàwó rẹ̀, sáré pa iná mànàmáná gbogbo ilé lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀ṣẹ́nì gbé garawa omi.

Bushrat pariwo pé, "Ẹ má da omi sí i! Iyanrìn ni! Ṣebí Hajarat ti sọ fún wa!"

Iyanrìn ló pa á. Àmọ́ nígbà tí Bushrat ń fa àpò náà síta, apá ọ̀tún rẹ̀ jóná dé ìgúnpá.

Àwọn obìnrin gbé jéró wọn lọ síbòmíràn títí ààwẹ̀ fi parí. Hajarat kò bá bàbá rẹ̀ wíjọ́. Ó ń tọ́jú egbò ìyá rẹ̀. Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí wáyà tuntun sínú mọ́tò.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ̀rọ tún ń lọ̀. Lọ́jọ́ kan, àpótí já iná, ẹ̀rọ dákẹ́ lójú èrò.

"Ó tún ti ń gbààwẹ̀!" Ìyá Albert ni.

"Ó ń gbààwẹ̀," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. Ó pa iná mànàmáná gbogbo ilé, ó jókòó. "Hajarat ọmọ mi ló mọ ìgbà tí yóò ṣínu. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó gbé jéró rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbé tirẹ̀.

Ìwọ tí o ní ẹ̀rọ tó ń lo iná, ohun tó ń já a kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Bó bá já a, wá ìdí rẹ̀. Má fi wáyà pa á lẹ́nu mọ́. Mọ́tò ṣeé tún ṣe. Àpá ọwọ́ Bushrat kò parẹ́.