Fọ́ọ̀mù Tí Sànúsí Fa Bíró Pupa Sí

Ìwé yòówù tí ẹ bá gbé fún Sànúsí, ìlà tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ kà. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nígbà tí Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù ọsíbítù wálé sí Ajégúnlẹ̀ ní Sátidé kan lọ́dún 1996, ó wọ awò ojú, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì fa bíró pupa gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Fọláyọ̀ ti pé ẹni ọdún méjìdínlógójì, ó sì ti ń retí ọmọ láti ọdún mẹ́sàn-án. Dókítà fẹ́ yọ ẹyin lára rẹ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú àwo, kí wọ́n tó dá a padà sínú ilé ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọsíbítù pè wọ́n. Bí wọn ò bá lọ, wọ́n á yọ orúkọ wọn. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù pé àwọn á mú sáńpù, ìyẹn díẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá yọ, fún ìwádìí.

Sànúsí ní òun mọ sáńpù dáadáa. Ní wọ́ọ̀fù, páálí tí wọ́n bá ti mú sáńpù nínú rẹ̀ kì í pé mọ́. Ó ní ọmọ àwọn ni wọ́n fẹ́ jí, àwọn ò lọ mọ́. Fọláyọ̀ ò lè jẹ oúnjẹ tó sè.

Lọ́jọ́ kejì, Fọláyọ̀ lọ pe Philomena, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Malu Road. Philomena ka fọ́ọ̀mù náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Brọ̀dá, ẹ ti gba ẹrù gíláàsì jáde rí?"

"Àìmọye ìgbà."

"Koríko gbígbẹ tí wọ́n fi wé e ńkọ́? Kọ́sítọ́mà yín kan ti béèrè ẹ̀ rí?"

Sànúsí ní rárá, dídà ni wọ́n ń dà á nù.

Philomena ní sáńpù náà nìyẹn. Ẹyin obìnrin kì í dá wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló yí i ká, tí wọ́n ń bọ́ ọ. Bí dókítà bá ti mú ẹyin tán, wọ́n á da sẹ́ẹ̀lì náà nù. Kò lè di ọmọ láéláé. Àwọn olùwádìí fẹ́ máa sìn ín nínú àwo ni, nítorí àwọn àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jíìnì: òmíràn ń ní kí sẹ́ẹ̀lì kú, òmíràn ń dá ikú náà dúró. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá kú, ẹyin tí wọ́n yí ká á kú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹyin ṣe ń lọ lára gbogbo obìnrin. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìwádìí náà ò ní mú kí Fọláyọ̀ tètè lóyún o.

"Bí a bá kọ̀ ńkọ́?" ni Sànúsí wí.

"Wọ́n á ṣì tọ́jú yín. Ó wà lókè ibi tí ẹ fa bíró sí. Ṣùgbọ́n Brọ̀dá, ẹ má bínú o, lára ta ni wọ́n ti fẹ́ mú un?"

Sànúsí wo ìyàwó rẹ̀. Láti àná, kò tíì bi í léèrè. Ojú tì í.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rò pé èmi ni mo ṣe nǹkan kan," Fọláyọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un. Bí wọn ò bá rí ìdí ẹ̀ fún mi, wọ́n lè rí i fún ọmọ ẹlòmíì."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fọláyọ̀ gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Sànúsí ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀dà kan. Wọ́n fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mú, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti bóyá ẹ lè kọ̀ kí ìtọ́jú yín má yẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kó ní kí wọ́n kà á sí òun létí. Ẹ̀yin ọkọ, kí bíró yín tó kan ìwé náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ara.