Sàráà Tí Ó Tutù ní Àjàṣẹ́

"Hasanat, ta ló ń pè?"

Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ lajú. Ó fi orí ti fèrèsé mọ́tò, ìbòrí rẹ̀ ti wọ́ sọ́rùn. Láti ìdájí tí wọ́n ti kúrò ní Ìjàyè, mọ́tò kan gbé wọn dé Èkó, òmíràn gbé wọn dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n sì dúró nínú oòrùn títí àwọn aṣọ́bodè fi ní kí wọ́n máa lọ. Ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Sàníù, bàbá Hasanat, ń sùn.

Ìyá àgbà ló ń pè láti Àjàṣẹ́ tó wà lódì kejì ẹnubodè, ìyá tó bí Mùjíbátù. Ọdún mẹ́ta ni Mùjíbátù kò fojú kàn wọ́n. Ọjọ́ kan péré náà ló sì rí, nítorí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin fún gààrí ń dúró dè wọ́n nílé, ìdájí ọ̀la ni wọ́n ń padà.

"Ẹ yára o, ọmọ mi," ni Ìyá àgbà wí. "Mo ti jókòó síta. Nǹkan ń dúró dè ọ́."

Àmọ́ òní ni ọjọ́ ìbí Hasanat, ó sì ti fọ́nnu fún Sharon, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé etí òkun ní ilẹ̀ òkèèrè lòun ó ti ṣe é. Bí wọ́n bá yà sí Àjàṣẹ́ báyìí, òkun ti bọ́ nìyẹn.

"Ìyá àgbà ni, Màámi. Wọ́n ní àwọn lọ síbi ìgbéyàwó, ìrọ̀lẹ́ làwọn máa dé."

"Ìgbéyàwó kẹ̀? Tí wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀?" Ọkàn Mùjíbátù rẹ̀wẹ̀sì. "Ó dáa náà."

"Ẹ jẹ́ ká dé Kútọnu nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ọjọ́ ìbí mi mà ni!"

"Ọmọ yìí, ẹsẹ̀ mi ti wú," ni Sàníù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí wí. Ṣùgbọ́n kò lágbára àtijiyàn.

Ní etí òkun, Mùjíbátù jókòó sórí yanrìn, oorun gbé e lọ. Sàníù ra kéèkì kékeré kan. Hasanat ń rẹ́rìn-ín fún fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ sí Sharon, bó bá sì ti yà á tán, ẹ̀rín a kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá àgbà tún pè, Hasanat pa fóònù náà lẹ́nu mọ́. Họ́wù! Irú ayẹyẹ wo nìyẹn?

Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ dá wọn dúró nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ti kírun Màgàríbì tán kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́. Ìyá àgbà ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Abọ́ ńlá kan tí wọ́n dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Háà, ẹ padà dé!" ni obìnrin ilé kejì wí. "Láti àárọ̀ ni Ìyá ti wà níbí. Wọ́n dín mọ́sà, wọ́n fi ṣe sàráà, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-kéú jọ kí wọ́n wá ṣàdúà ọjọ́ ìbí fún Hasanat. Àwọn ọmọ náà retí yín títí, ó sú wọn, wọ́n lọ."

"Ṣebí ibi ìgbéyàwó ni wọ́n lọ?" ni Mùjíbátù béèrè.

"Ìgbéyàwó ta ni? Ìyá tí kò kúrò lójú kan!"

Gbogbo ojú yí sí Hasanat. Ó kúnlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mùjíbátù kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó jókòó, ó rọra gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan.

"Hasanat, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo kúnlẹ̀. Mo nípìn-ín nínú ọjọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n jókòó ti ìyá mi, ká jọ sọ̀rọ̀. O sì gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìdájí ni Ìyá àgbà tó jí. Wọ́n gbọ́wọ́ lé Hasanat lórí, wọ́n ṣàdúà díẹ̀, wọ́n di mọ́sà tó kù fún un nínú ọ̀rá. Oorun ṣì wà lójú wọn.

"Ẹ ti ń lọ? Ẹ mà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," ni Ìyá àgbà wí.

Nínú mọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́ Sharon wọlé sórí fóònù: "Òkun yìí mà dára o! Ó dùn gan-an, àbí?" Hasanat wo ìyá rẹ̀. Mùjíbátù kò sùn lọ́tẹ̀ yìí, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ ló ń bojú wẹ̀yìn wò. Hasanat pa fóònù náà. Ó bu mọ́sà jẹ. Ó ti tutù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Hasanat kò tilẹ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, òkun kò kúrò níbi tó wà, ẹ lè tún lọ yà á ní fọ́tò. Ọjọ́ tí ẹ bá fi irọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá yín, ẹ kò ní lè dá a padà.